Owó ìjọba lè gba iléeṣẹ́ mọ́tò là, kò lè ra ọkàn oníbàárà

Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Òwe yìí ni wọ́n máa ń pa fún wa nígbàkigbà tí iléeṣẹ́ kan tó ń to mọ́tò pọ̀ ní Nàìjíríà bá ń kú lọ, tí ìjọba sì fẹ́ náwó lé e lórí tàbí kí ó fi owó orí dènà ọkọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tún gba ẹnu àwọn èèyàn ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, nígbà tí ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé ọjà tí a ṣe ní Nàìjíríà ni kí àwọn iléeṣẹ́ ọba máa kọ́kọ́ rà. Mi ò bá òwe náà jà. Ṣùgbọ́n mọ́tò kì í ṣe ọmọ. Ọmọ ẹni, bó ti wù kó rí, a ó máa gbé e pọ̀n. Mọ́tò tó bá dá yín dúró lẹ́ẹ̀mejì lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, ẹ ó tà á ni, ẹ kò sì ní ra irú rẹ̀ mọ́ láyé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ilé. Ní ọdún 1972 ni ìjọba àpapọ̀ tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú iléeṣẹ́ Peugeot ti ilẹ̀ Faransé. Nígbà tó di 1975, iléeṣẹ́ tí wọ́n kọ́ sí Kàdúná ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọdún yẹn náà ni Volkswagen bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ lójú ọ̀nà Badagry l'Ékòó, níbi tí Ìjàpá àti Ìgalà ti ń jáde. Èyí tó wá wọ àwọn èèyàn lọ́kàn jù lọ ni Peugeot 504. Ìjọba ológun Ọbásanjọ́ sọ ọ́ di ọkọ̀ àwọn ọ̀gá iṣẹ́ ọba, nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n yé gun ọkọ̀ olówó ńlá. 'Low profile' ni wọ́n pe ètò náà, àwọn tó ti dàgbà nígbà náà kò ní gbàgbé.

Síbẹ̀, kì í ṣe àṣẹ ìjọba ló mú kí àwọn dírẹ́bà fẹ́ràn 504. Ọkọ̀ náà ga nílẹ̀, ó ń gba kòtò mọ́ra, kò sì sí ìlú kékeré kan tí ẹ ó dé tí ẹ kò ní rí mẹkáníìkì tó lè tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ nínú òkùnkùn. Èyí tó gùn lẹ́yìn, tí a ń pè ní station wagon, ló ń kó èrò láti Ìbàdàn lọ sí Ìlọrin, tó sì ń gba ibẹ̀ wọ Òkè Ọya lọ. Ẹni tó bá ra 504 kan, tó bá tún rówó, 504 mìíràn ló máa rà. Ìfẹ́ oníbàárà tí àwọn òyìnbó ń kọ ìwé lé lórí kò ju ìyẹn lọ, kò sì sí akọ̀wé àgbà kankan tó fọwọ́ sí i.

Báwo la ṣe wá pàdánù rẹ̀? Iléeṣẹ́ Kàdúná yìí lágbára láti to ọkọ̀ 90,000 lọ́dún. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ lẹ́yìn ètò SAP ọdún 1986, nǹkan dàrú, nítorí pé owó òkèèrè ni wọ́n fi ń ra èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀yà ọkọ̀ tí wọ́n ń tò. Owó ọkọ̀ tuntun fò kọjá agbára olùkọ́ àti nọ́ọ̀sì. Ta ló wá kù tó ń ra Peugeot tuntun? Ìjọba ni, àti àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá díẹ̀. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni àìsàn náà ti wọlé. Iléeṣẹ́ tó bá ti mọ̀ pé ìjọba ni yóò ra ọjà òun, ojú gómìnà ni yóò máa wò, kò ní wo ojú ẹni tó fi òógùn ara rẹ̀ ra ọkọ̀.

Àsìkò yẹn ni tòkunbọ̀ ń gba Kútọnu wọlé ní tirẹ̀. Àwọn mẹkáníìkì kọ́ iṣẹ́ Toyota. Àwọn tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ ní Ladípọ̀ ní Mushin àti ní Ararọ̀mí ní Agodi Gate n'Íbàdàn kó ẹ̀yà rẹ̀ kún ṣọ́ọ̀bù. Àwa náà ń sọ ọ́ lórúkọ bí ẹni ń sọ ọmọ lórúkọ: Camry kan ń jẹ́ 'Big Daddy', èkejì ń jẹ́ 'Muscle'. Ọkọ̀ tí èèyàn kò bá fẹ́ràn, ta ló ń fún un lórúkọ àpèlé? Ní ti Kàdúná, lẹ́yìn tí wọ́n ti ta iléeṣẹ́ náà fún aládàáni, gbèsè mù ún dé ọrùn, títí tí AMCON, àjọ ìjọba tó ń gba gbèsè burúkú lọ́wọ́ àwọn báńkì, fi gbà á ní 2012. Apá ìjọba náà ló tún bọ́ sí.

Ẹlòmíràn á ní, ṣebí Amẹ́ríkà pàápàá fi owó ìjọba gba iléeṣẹ́ mọ́tò rẹ̀ là. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó yẹ ká wo bí wọ́n ṣe ṣe é.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2008, àwọn ọ̀gá General Motors, Ford àti Chrysler wọ bàálù aládàáni lọ sí Washington láti lọ tọrọ owó lọ́wọ́ àwọn aṣòfin. Ta ló rí alágbe tó gun ẹṣin wá? Àwọn ará Amẹ́ríkà fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ débi pé nígbà tí wọ́n máa padà lọ ní oṣù kejìlá, mọ́tò ni wọ́n gbé láti Detroit. Nígbà tí ilé aṣòfin àgbà kò gbà fún wọn, Ààrẹ George W. Bush ló fún GM àti Chrysler ní ẹ̀yáwó 17.4 bílíọ̀nù dọ́là. Ford kò gbà nínú rẹ̀, nítorí ó ti yá owó tó lé ní 23 bílíọ̀nù dọ́là ní 2006, tó sì fi dúkìá rẹ̀ dúró, títí kan àmì orúkọ rẹ̀ tó wà lára ọkọ̀.

Barack Obama gorí àléfà ní 2009, ó sì dá ìwé àtúnṣe tí àwọn iléeṣẹ́ méjèèjì mú wá padà. Rick Wagoner, ọ̀gá àgbà GM, ní láti lọ sílé. Chrysler dé ilé ẹjọ́ àwọn onígbèsè ní April 30, GM ní June 1. Wọ́n pa Pontiac, tí àwọn ìdílé kan ti ń gùn láti ọ̀dọ̀ bàbá dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Saturn àti Hummer náà lọ. Ẹ̀mí ìfẹ́ wà fún Pontiac o, ṣùgbọ́n ìfẹ́ tí kì í mú owó jáde lápò kò lè san owó oṣù òṣìṣẹ́.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn ní ọdún yẹn kan náà. Ìjọba ya 3 bílíọ̀nù dọ́là sọ́tọ̀ pé kí ẹni tó bá ní ọkọ̀ àtijọ́ tó ń mu epo jù gbé e wá, àwọn yóò fún un ní 3,500 tàbí 4,500 dọ́là láti fi kún owó tuntun. Ọkọ̀ tí wọ́n fi ètò yìí rà lé ní 670,000. Èwo ni wọ́n rà jù? Toyota Corolla. Èwo ni wọ́n gbé wá sọnù jù? Ford Explorer. Lóòótọ́, wọ́n ń to Corolla ní Amẹ́ríkà náà nígbà yẹn. Síbẹ̀, ẹ wò ó: lásìkò tí ìjọba gbé GM sẹ́yìn, àwọn aráàlú ń fi owó ìjọba kan náà ra Toyota, kò sì sí ẹni tó fi òfin dè wọ́n. GM ló ní láti lọ wá ojú rere oníbàárà fúnra rẹ̀.

Ní oṣù kejìlá ọdún 2013, ìjọba ta ìpín tó kù sí i lọ́wọ́ nínú GM. Nínú nǹkan bíi 80 bílíọ̀nù dọ́là tí wọ́n ná lórí gbogbo ètò náà, ó lé ní 9 bílíọ̀nù tí kò padà wálé. Inú ń bí àwọn kan níbẹ̀ nítorí rẹ̀, mi ò sì dá wọn lẹ́bi. Ó kéré tán, wọ́n mọ iye tó lọ, wọ́n sì mọ ọjọ́ tí ìjọba yọwọ́.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ríbẹ̀ bọ̀. Ní 1975 ni ìjọba wọn gba British Leyland, tí Leyland tiwa n'Íbàdàn ti ara rẹ̀ jáde, wọ́n sì ń da owó lé e lórí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì ṣáà ń ra ọkọ̀ Jámánì àti ti Japan lọ ràì. Ní 2005 ni MG Rover, tó jẹ́ àṣẹ́kù rẹ̀, wó lulẹ̀.

Àwa ńkọ́? Ní 2013, nígbà ìjọba Goodluck Jonathan, tí Olúṣẹ́gun Àgàngà jẹ́ mínísítà, wọ́n gbé ètò ìdàgbàsókè iléeṣẹ́ mọ́tò jáde. Wọ́n sọ owó orí ọkọ̀ tuntun tó ń ti òkèèrè bọ̀ di 70 nínú 100, kí àwọn tó ń tò ó níbí lè rọ́wọ́ mú. Èrò rere ni. Àléébù ibẹ̀ ni pé oníbàárà nìkan ni wọ́n nà lẹ́gba. A kò gbọ́ pé ọ̀gá iléeṣẹ́ kankan lọ sílé bíi ti Wagoner, a kò sì gbọ́ ọjọ́ tí ìrànwọ́ náà máa dópin. Nígbà tó fi máa di ìparí 2020, òfin ìnáwó tuntun tún ti dín owó orí náà kù.

Lẹ́yìn náà ni ti àwọn aṣòfin. Ní 2023, jíìpù Toyota láti òkèèrè ni wọ́n yàn fún ara wọn. Nígbà tí aráàlú pariwo, àlàyé tó jáde ni pé ojú ọ̀nà wa kò dára, irú ọkọ̀ yẹn ló lè pẹ́ níbẹ̀. Ẹ má bínú sí mi, àlàyé yẹn wà lára ọ̀rọ̀ òótọ́ díẹ̀ tí mo tíì gbọ́ lẹ́nu àwọn olóṣèlú lórí ọ̀rọ̀ mọ́tò. Ohun tí olùkọ́ tó ń ra Corolla àlòkù ń wí náà nìyẹn. Bí aṣòfin kò bá lè fi ara rẹ̀ wewu, kí ló dé tó fẹ́ kí olùkọ́ fi tirẹ̀ wewu nítorí òwe ìlẹ̀kẹ̀?

Mi ò ní kí ìjọba má ran iléeṣẹ́ mọ́tò lọ́wọ́. Innoson ní Nnewi, tí wọ́n ṣí iléeṣẹ́ rẹ̀ ní 2010, ń fi hàn pé iṣẹ́ náà ṣeé ṣe, àwọn ọmọ wa sì nílò iṣẹ́. Ohun tí mò ń wí ni pé kí owó náà máa bá oníbàárà lọ. Kí wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ mẹkáníìkì ní iṣẹ́ ọkọ̀ wọ̀nyí. Kí wọ́n fi dín èlé ẹ̀yáwó kù fún ẹni tó bá fẹ́ ra tuntun. Kí iléeṣẹ́ tó bá gbà á sì mọ ọjọ́ tí owó máa dáwọ́ dúró.

Kí ìjọba tó tún fọwọ́ sí owó ìrànwọ́ mìíràn, kí wọ́n rán akọ̀wé kan lọ sí Ladípọ̀, kí ó má sọ pé ìjọba ló rán òun. Kí ó béèrè páàdì bíréèkì ọkọ̀ tí wọ́n tò ní Nàìjíríà, kí ó béèrè ti Corolla náà. Bí wọ́n bá gbé ti Corolla fún un lójú ẹsẹ̀, tí wọ́n wá ní kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ fún èkejì, kí owó náà ṣì jókòó sí báńkì.