Kí Ẹ Tó Fọn Fèrè Pe Béárì

Ọ̀rọ̀ tó wà lọ́wọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti gbogbo ilé, ṣùgbọ́n gbogbo ilé ló yẹ kó gbọ́ ọ. Àwọn ẹbí wa kan ti ṣí lọ sí apá àríwá Ontario nítorí iṣẹ́, sí Sudbury, sí Timmins, sí Thunder Bay. Níbẹ̀, bí oṣù karùn-ún bá ti wọlé, ọ̀rọ̀ ọdẹ béárì ni wọ́n ń sọ níbi iṣẹ́. Wọn a ní, "Máa bá wa ká lọ." Àwọn kan nínú wa sì jẹ́ ọmọ ọdẹ nílé, irú ìpè bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kí ara wọn gbà á. Ìbéèrè tí wọ́n ń bi wá ni pé, "Irú ìbọn wo ni ká rà?"

Ìdáhùn wa kò gùn. Ẹ má tíì béèrè ìbọn. Ẹ kọ́kọ́ sọ bí ẹ ó ṣe mú kí béárì wá bá yín, torí pé ọ̀nà tí ẹran ń gbà wá ló ń yan ìbọn fún ọdẹ.

Ta ni béárì?

Ẹ̀yin ọmọ wa ti gbọ́ ìtàn Èlíṣà àti abo béárì méjì nínú Bíbélì. Béárì kò sí nínú igbó wa nílé, ṣùgbọ́n béárì dúdú pọ̀ ní Kánádà àti Amẹ́ríkà. Dúdú ni wọ́n ń pè é, síbẹ̀ òmíràn wà tó pupa rẹ́súrẹ́sú. Akọ tó ti dàgbà lè wọn ju kílógíráàmù 130 lọ. Ó ń gun igi, ó ń lúwẹ̀ẹ́, kò sì sí ọmọ èèyàn tó lè sá tẹ́lẹ̀ fún un. Koríko, èso igbó àti èèrà ló ń jẹ jù, ṣùgbọ́n bó bá rí ẹran, kì í kọ̀ ọ́. Inú ihò ló ń sùn sí nígbà òtútù, inú ihò yẹn náà ni abo ń bímọ sí, ní nǹkan bí oṣù kìíní. Àwọn ọmọ náà a máa tẹ̀lé ìyá wọn títí di ìgbà ìrúwé ọdún kejì. Ẹ di èyí mú, a ó padà sí i.

Bí wọ́n ṣe ń pè é

Yorùbá ní ẹni tó bá máa mú ọ̀bọ, a ṣe bí ọ̀bọ. Ní ìparí oṣù karùn-ún sí oṣù kẹfà, àgbọ̀nrín ń bímọ, béárì sì mọ̀. Ó ń wá àwọn ọmọ tí ẹsẹ̀ wọn kò tíì ranlẹ̀ kiri inú igbó. Ọ̀pọ̀ ọdẹ ní Ontario ló ń kó oúnjẹ sílẹ̀ de béárì, tí wọ́n á wá jókòó sórí igi máa ṣọ́ ọ. Àwọn mìíràn ò ṣe bẹ́ẹ̀. Fèrè kékeré kan ni wọ́n ń fọn, tó ń ké bí ọmọ àgbọ̀nrín tí nǹkan ti mú.

Béárì kì í pẹ́ gbàgbé. Bí igbe náà bá dákẹ́, òun náà a dúró, a bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ koríko tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí fífọn náà kì í fi bẹ́ẹ̀ dáwọ́ dúró, tó sì lè gba odindi wákàtí kan níbì kan. Afẹ́fẹ́ ńkọ́? Imú ni agbára béárì wà. A máa yí ká, kí afẹ́fẹ́ lè gbé òórùn ohun tó ń ké yẹn wá bá a. Nítorí náà, ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà kúrò lára yín ni kó jẹ́ gbangba, kí ẹ lè tètè rí i bó bá gba ibẹ̀ yọ. Ẹ fẹ̀yìn ti igi ńlá. Èèyàn méjì ni kó lọ, kí ọ̀kan máa fọn, kí ìkejì máa ṣọ́ ẹ̀yìn. Kí agolo ata tí wọ́n ń fọ́n sí béárì lójú sì wà lára ìgbànú, kì í ṣe nínú àpò.

Ẹ wò ó dáadáa, ẹ̀yin ará. Ọdẹ tó ń rìn nínú igbó, òun ló ń wá ẹran. Ọdẹ tó ń fọn fèrè yìí ti sọ ara rẹ̀ di oúnjẹ. Ẹran tó ń bọ̀ yẹn kò mọ̀ pé èèyàn ló wà níbẹ̀, ó ń bọ̀ wá jẹun ni. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ rọ̀, ó lè má dún rárá. Ìgbà tí ẹ ó bá fi rí i, ó lè ti wọ mítà 20.

Ìbọn wo wá ni?

Bó bá jẹ́ pé ní tòsí báyìí lọ̀rọ̀ máa wáyé, ìbọn tí wọ́n ń polówó pé ó ń pa ẹran ní mítà 400 kì í ṣe ohun tá à ń wá. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ wò.

Ìkíní, kó yá gbé dé èjìká. Igbó ibẹ̀ dí, ìbọn tó gùn jù a sì máa kọ́ ẹ̀ka. Bí ẹ bá de awò mọ́ orí rẹ̀, kó jẹ́ èyí tó lè wálẹ̀ dé ìlọ́po 1 tàbí 2. Bí awò bá ń sọ nǹkan di ìlọ́po 9, tí béárì sì wà ní mítà 20, irun dúdú nìkan lẹ ó máa rí. Ẹ ò ní mọ̀ bóyá èjìká ni tàbí ìdí.

Ìkejì, kí ọta rẹ̀ tó ẹran. Ọta .30-30 tí Winchester gbé jáde ní 1895 ṣì ń ṣiṣẹ́ yìí dáadáa ní tòsí. .308 àti .30-06 náà tó o, wọ́n sì tún wúlò fún àgbọ̀nrín àti moose, kéèyàn má bàa máa ra ìbọn méjì. .22 tí wọ́n fi ń pa ehoro kò tó béárì. Ẹ má dán an wò.

Ìkẹta ló ṣe pàtàkì jù: kó jẹ́ èyí tí apá yín ká. Ìbọn tó ń ta èjìká bí ìgbà tí ẹṣin bá tani nípàá, ńṣe ló máa kọ́ yín láti dijú kí ẹ tó yìn ín. Ọta tí kò tóbi tó bọ́ síbi tó yẹ sàn ju ọta ńlá tó bọ́ sí ìfun lọ. Ẹ gbé ìbọn náà lọ sí pápá ìyìnbọn, kí ẹ jókòó sílẹ̀ bí ẹ ó ṣe jókòó nínú igbó, kí ẹ yìn ín ní mítà 25 àti ní mítà 50. Bí ọta márùn-ún kò bá lè bọ́ sínú àwo ọbẹ̀ kékeré kan, ẹ má tíì lọ.

Àwọn bàbá wa tó lo ṣakabùlà mọ èyí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń dún. Kí wọ́n tó tún un ki, ẹran ti lọ, tàbí kó ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń ní sùúrù. Ìbọn òde òní ń gbé ọta mẹ́rin márùn-ún, ṣùgbọ́n kò yẹ kó gba sùúrù yẹn lọ́wọ́ wa.

Ẹ̀yìn èjìká ni ká fojú sùn, ibi tí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró wà, nígbà tó bá fi ẹ̀gbẹ́ kọ sí yín tó sì na ẹsẹ̀ iwájú síwájú. Ọ̀rá béárì nípọn, irun rẹ̀ sì pọ̀; àwọn méjèèjì a máa fa ẹ̀jẹ̀ mu, tí ipa rẹ̀ kò fi ní rọrùn láti tọ̀. Béárì tó gbọgbẹ́ wọ igbó lọ, ẹrù ẹni tó yìnbọn ni. Òun ló gbọ́dọ̀ wá a títí yóò fi rí i.

Ìyá ọlọ́mọ

Fèrè kì í yan ẹni tó máa gbọ́ ọ. Abo tó ní ọmọ náà ń gbọ́, ebi sì ń pa á ju akọ lọ. Ní 1999, ìjọba Ontario fòpin sí ọdẹ béárì ìgbà ìrúwé, torí àwọn tó ń ké pé bí wọ́n bá pa ìyá, ebi ló ń pa ọmọ kú. Wọ́n dá a padà fún ìdánwò láwọn agbègbè kan ní 2014, ó sì ti di ti ọdọọdún láti 2021. Ṣùgbọ́n òfin kò gbà kí ẹnikẹ́ni pa ọmọ béárì, tàbí abo tí ọmọ wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ní ìgbà ìrúwé. Nítorí náà, bí béárì bá yọ, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ tún wo orí igi, torí ibẹ̀ làwọn ọmọ máa ń sá sí. Bí ẹ bá rí ọmọ, ó ti parí. Ẹ sọ̀rọ̀ sókè kó mọ̀ pé èèyàn ni yín, kí ẹ rọra máa fẹ̀yìn rìn. Ẹ má sáré o.

Nínú ilé

Nílé, ọdẹ a de àtùpà kábáàdì mọ́rí, a wọ igbó lóru. Ẹ má gbé ìyẹn wá síbí. Ìdajì wákàtí ṣáájú kí oòrùn tó yọ, títí di ìdajì wákàtí lẹ́yìn tó bá wọ̀, ni òfin Ontario gbà. Kí ẹ tó ra ìbọn, ẹ ó ṣe kóòsì ààbò ìbọn, ẹ ó sì gba láísẹ́nsì. Ẹni tó ń gbà á fún ìgbà àkọ́kọ́ yóò dúró, ó kéré tán, ọjọ́ 28. Fọ́ọ̀mù náà ní àyè fún ìbuwọ́lùwé ọkọ tàbí aya, torí náà ẹ ti fi ọ̀rọ̀ náà lọ ara yín nílé. Láísẹ́nsì ọdẹ àti ti béárì tún wà lọ́tọ̀. Ẹ ka ìwé òfin ọdẹ tí ìjọba ń tẹ̀ lọ́dọọdún, títí kan ohun tó sọ nípa aṣọ àwọ̀ ọsàn, torí ọdẹ mìíràn lè gbọ́ igbe fèrè yín, kó rò pé ẹran ni.

Bí ìbọn bá délé, kí ọta má sí nínú rẹ̀, kí àgádágodo wà lára rẹ̀ tàbí kó wà nínú àpótí tí a tì. Kí ọta náà wà lábẹ́ kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ wa, bí ẹ bá rí ìbọn nílé ẹnikẹ́ni, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ pe àgbàlagbà. Fèrè náà kì í ṣe ohun ìṣeré. Ẹ má fọn ọ́n lẹ́yìnkùlé, pàápàá ní Sudbury.

Ẹran rẹ̀

Àwọn àgbà ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bó bá pa ẹran kò ní fún ẹnìkan jẹ. Ṣùgbọ́n a mọ ara wa, ẹni tó bá pa béárì máa pín in. Nítorí náà ẹ gbọ́ èyí. Ní 2022, ẹbí kan pàdé ní South Dakota, wọ́n sì fi béárì dúdú tí wọ́n pa ní àríwá Saskatchewan ṣe ẹran sísun orí igi, bíi súyà wa. Ọjọ́ 45 ni ẹran náà ti wà nínú fírísà. Ó dúdú tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò fi mọ̀ pé kò jinná. Èèyàn mẹ́fà ló kó aràn Trichinella. Méjì nínú wọn kò tilẹ̀ jẹ ẹran náà, ẹ̀fọ́ tí wọ́n sè pọ̀ mọ́ ọn ni wọ́n jẹ. Aràn tó wà nínú ẹran béárì ìhà àríwá kì í kú sínú fírísà, iná ló ń pa á. Ẹ sè é títí inú rẹ̀ yóò fi gbóná dé dígírì 74, kí ẹ sì fi tẹmọ́mítà wò ó. Ojú lásán kò tó.

Ẹ̀yin ọmọ ọdẹ, a ò ní kí ẹ má lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti fẹ̀yìn ti igi, tí fèrè sì ti dé ẹnu, ẹ bi ara yín pé: bó bá yọ ní mítà 20 báyìí, ṣé ìbọn yìí máa ṣe é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lọ́wọ́ mi? Bí kò bá dá yín lójú, ẹ má fọn ọ́n.