Ẹ má tíì di ẹ̀bi egbò yín ru aláǹtakùn

Bí èèyàn bá jí láàárọ̀ tó rí i pé ọrùn òun pọ́n, tó ń ta òun, tó sì ti lé roro, ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa kọ́kọ́ sọ nínú ilé ni pé, "Aláǹtakùn ló tọ̀ sí ẹ lára." Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ ló wú, wọ́n á ní ó jẹ ẹ́ ni. Ẹni tó sọ ọ́ ò rí aláǹtakùn, ẹni tó ń ṣe náà ò rí i. Ó jọ ọ̀rọ̀ kékeré, àmọ́ òun ló ń dá àwọn kan dúró sílé títí egbò fi ń bà wọ́n lára jẹ́.

Aláǹtakùn lè jẹ èèyàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í sábà ṣẹlẹ̀. Èyí tí ẹ ń rí àwòrán egbò rẹ̀ lórí Facebook, tí wọ́n ń pè ní brown recluse, Amẹ́ríkà ló ń gbé. Níbẹ̀ gan-an, àwọn dókítà ti rí i pé bakitéríà ló fa ọ̀pọ̀ egbò tí àwọn èèyàn ń kà sí ti aláǹtakùn.

Ìtọ̀ aláǹtakùn ńkọ́? Kòkòrò tín-ínrín kan wà, ara rẹ̀ pupa, ó tún dúdú, iná ló ń tẹ̀lé wọlé lálẹ́ nígbà òjò. Kì í jẹni, kì í tani. Béèyàn bá tẹ̀ ẹ́ pa mọ́ra ni omi ara rẹ̀ á jó awọ. Ẹ fẹ́ ẹ dànù ni. Bó bá ti fọ́ mọ́ yín lára, ẹ tètè fi ọṣẹ àti omi fọ ibẹ̀.

Èyí tó yẹ kó bà wá lẹ́rù ni àrùn Buruli. Kókó kékeré tí kì í dunni ló sábà fi ń bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ló máa ń bẹ́ di egbò àdáàjinná. Wọ́n ti rí i ní ìpínlẹ̀ Ògùn, Ọ̀yọ́ àti Èkó, àwọn ọmọdé ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó ń mú. Bí wọ́n bá tètè dé ọsibítù, rifampicin àti clarithromycin fún ọ̀sẹ̀ 8 lè wò ó sàn. Bó bá pẹ́, ó lè di iṣẹ́ abẹ, apá tàbí ẹsẹ̀ ọmọ sì lè ká kò.

Àwọn aláìsàn láti Nàìjíríà ti kọjá bodè lọ gba ìtọ́jú àrùn yìí ní Pobè, ní orílẹ̀-èdè Benin. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ìjọba rí i pé nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn àdúgbò dá kókó yìí mọ̀ bó bá rí i.

Tiwa nílé ńkọ́? Ẹ fi ọṣẹ àti omi mímọ́ fọ ojú egbò, kí ẹ sì bò ó. Ẹ fi báírò fa ìlà yí ibi tó pọ́n ká. Bó bá kọjá ìlà lọ́jọ́ kejì, ó ń ràn nìyẹn, ẹ gbéra. Ẹ má fi abẹ́ sín in, ẹ má da omi bátìrì sí i, ẹ má sì tú oògùn oníhóró sójú egbò. Bí ibà bá dé, bí ibẹ̀ bá dúdú, tàbí tí aláìsàn bá ní ìtọ̀ ṣúgà, ọsibítù ni lọ́jọ́ náà. Kókó tí kò dunni tí kò sì lọ, ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ẹ jẹ́ kí dókítà kọ́kọ́ wò ó, ká tó máa wá ẹni tó jẹ̀bi.