Ìmẹ̀kọ àti Kétu: Èdè Kan, Ìkọsílẹ̀ Méjì

Nígbà tí a bá ń ka orúkọ àwọn ìlú Yorùbá, ó ṣọ̀wọ́n kí a tó dé orí Ìmẹ̀kọ. Ìlú àgbẹ̀ ni. Àgbàdo, ẹ̀gẹ́, iṣu àti òwú ni iṣẹ́ wọn, ó sì wà ní ìhà ìwọ̀-oòrùn Ìpínlẹ̀ Ògùn, létí ibi tí ilẹ̀ Nàìjíríà parí sí.

Abẹ́ Alákétu ni Ìmẹ̀kọ wà kí òyìnbó tó dé. Ní ọjọ́ 10 oṣù August ọdún 1889, àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Faransé jókòó ní Paris, wọ́n fa ìlà: Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ahoro ni Kétu wà nígbà náà, nítorí ogun Dàhòmì ti kó o ní 1886. Ta ni ìbá ti bi wọ́n léèrè? Nígbà tí iṣẹ́ àfipáṣe àti ìkónisójà àwọn Faransé wá le, ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ di ẹrù wọn, wọ́n sá tọ àwọn ẹbí wọn wá níhà kejì. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asíwájú, ọmọ Ìmẹ̀kọ fúnra rẹ̀, ti ṣe àlàyé ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé rẹ̀ ti 1976.

Nígbà tí ìjọba ti ẹnubodè ní oṣù August 2019, gbogbo wa kígbe nítorí ọjà. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlà kan wà tí a kò kígbe lé lórí, èyí tí ó wà nínú ìwé àwọn ọmọ wa. Èdè Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ Kétu, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ ti Ìmẹ̀kọ. Èyí kò yani lẹ́nu. Èyí tí ó dùn mí ni pé Yorùbá pàápàá ti pín sí méjì. Níbi tí àwa ti kọ “ọmọ”, “ɔmɔ” ni ìkọsílẹ̀ ti ilẹ̀ Benin. Bẹ́ẹ̀ ni Crowther, tí ó wà lára àwọn tí ó fi ìkọsílẹ̀ èdè wa lélẹ̀, ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé Kétu ní 1853!

Àwọn eléré Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti ṣáájú wa. (Oníwàásù ni mí, n kò ní jó níbẹ̀; ṣùgbọ́n òtítọ́ ni òtítọ́.) Orúkọ Benin, Nàìjíríà àti Togo ni ó jọ wà lórí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ nígbà tí UNESCO kéde rẹ̀ ní 2001.

N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni sọ ìkọsílẹ̀ tirẹ̀ nù. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ wa kọ́ àwọn tí ń lọ sí ìlú ẹnubodè láti ka ìkọsílẹ̀ méjèèjì. Iṣẹ́ ọ̀sán kan ni. Kí ẹgbẹ́ wa sì ra ìwé kíkà Yorùbá láti ìhà méjèèjì fún Ìmẹ̀kọ àti Kétu, kí sáà ẹ̀kọ́ tí ń bọ̀ tó wọlé.