Fáìlì Tó Sọnù Lè Tún Padà Wá

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni mo tún bá dé lọ́sẹ̀ yìí, nítorí ohun tí ojú àbúrò mi obìnrin kan rí.

Aṣọ ni ó ń tà. Gbogbo gbèsè tí àwọn oníbàárà jẹ ẹ́, inú kọ̀ǹpútà ni ó kọ ọ́ sí; kò ní ìwé mìíràn. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ọmọ rẹ̀ ń ṣeré nídìí rẹ̀, ó sì pa àkọsílẹ̀ náà rẹ́ pátápátá. Ẹkún ni ìyá rẹ̀ fi pè mí. Ẹ̀yin náà sì mọ onígbèsè: bí ó bá ti gbọ́ pé ìwé sọnù, gbèsè náà sọnù nìyẹn.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo wí fún un ni pé, “Má fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà náà mọ́.” Ìdí rẹ̀ nìyí. Bí olùkọ́ bá fa igi lé orúkọ ọmọ kan nínú rẹ́jísítà, ọmọ náà ṣì lè jókòó lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kọ̀ǹpútà. Orúkọ fáìlì ni ó ń fa igi lé. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ títí fáìlì mìíràn yóò fi wá gba àyè rẹ̀. Ẹni tó bá ń bá iṣẹ́ lọ, ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi ń ba ohun ìní rẹ̀ jẹ́.

Ètò tí a fi wá a ni PhotoRec. Ará Faransé kan, Christophe Grenier, ni ó ṣe é, ọ̀fẹ́ sì ni. Orúkọ rẹ̀ jọ ti fọ́tò, ṣùgbọ́n oríṣi fáìlì tó mọ̀ lé ní 480: lẹ́tà, ìṣirò, orin, àwòrán. Kíkà ni ó ń ka díìsìkì tó ń yẹ̀ wò, kì í kọ nǹkan sí i. Orí kọ̀ǹpútà tèmi ni mo ti gbà á sórí fíláàṣì, orí fíláàṣì náà ni a sì kó ohun tó rí sí. Ẹ má ṣe kó o padà síbi tó ti sọnù o!

Àléébù rẹ̀ jẹ́ méjì. Kì í sábà dá orúkọ fáìlì padà, nítorí náà ọ̀kọ̀ọ̀kan ni a ń ṣí wọn wò kí a tó rí ìwé gbèsè. Èkejì, àwọn kọ̀ǹpútà tuntun tó ń lo SSD a máa tètè gbá ibi tí fáìlì wà mọ́. Bí wọ́n bá ti gbá a, ó ti parí.

Fún ẹni tí fáìlì rẹ̀ kò sọnù, àmọ́ tí kò rántí ibi tó fi í sí, ètò voidtools tó ń jẹ́ Everything wà fún Windows, ọ̀fẹ́ ni òun náà. Bí ẹ bá ti ń tẹ díẹ̀ nínú orúkọ rẹ̀ ni yóò máa yọjú. Nítorí náà, ẹ̀yin tíṣà, ẹ fún ìwé máàkì yín ní orúkọ gidi.

Ibi tí àwọn tó ṣe ètò gan-an fi í sí ni kí ẹ ti gbà á, nítorí àwọn ẹlẹ́tàn a máa pa ayédèrú rẹ̀ pọ̀ mọ́ ohun búburú.

Àbúrò mi rí ìwé rẹ̀. Láti ìgbà náà, gbogbo alẹ́ Sátidé ni ó ń da ẹ̀dà rẹ̀ kọ sórí fíláàṣì. Ẹni tó bá da omi síwájú, ilẹ̀ tútù ni yóò tẹ̀. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.