Oúnjẹ Inú Páálí Funfun

Ọ̀rọ̀ ẹnu jíjẹ la gbé wá lónìí. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà mọ ṣọ́ọ̀bù kékeré àwọn ará Ṣáínà dáadáa: àwòrán oúnjẹ ń tàn lókè orí ẹni tó ń gbowó, iná ń jó lala nídìí agbada lẹ́yìn rẹ̀, kò sì ní í pẹ́ tí oúnjẹ gbígbóná yóò fi tẹ̀ yín lọ́wọ́. Ní ọdún kan tí mo fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní èdè Yorùbá ní yunifásítì kan lọ́hùn-ún, irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ ló gba èmi àti àwọn tí a jọ ń gbé lọ́wọ́ ebi ní ọ̀pọ̀ alẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Bí ẹnikẹ́ni bá wá bi mí pé kí ni kí òun rà níbẹ̀, mo ní ìdáhùn.

Èkíní ni adìyẹ tí wọ́n ń pè ní General Tso. Wọ́n á gé itan adìyẹ wẹ́wẹ́, wọ́n á yí i nínú ìyẹ̀fun àgbàdo, wọ́n á sì dín in títí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fi le tí inú rẹ̀ yóò sì rọ̀, kí wọ́n tó pò ó mọ́ ọbẹ̀ tó dùn, tó kan díẹ̀, tó sì ta. Zuo Zongtang, ọ̀gágun ọmọ Hunan tí oúnjẹ náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, kò fẹnu kàn án rí. Ọdún 1885 ló ti kú. Alásè kan tó ń jẹ́ Peng Chang-kuei, ọmọ Hunan bíi tirẹ̀, ló gbé e kalẹ̀. Peng ń dáná fún ìjọba Chiang Kai-shek, ó sì bá wọn lọ sí Taiwan nígbà tí ogun abẹ́lé lé wọn kúrò nílùú lọ́dún 1949. Taiwan ló ti kọ́kọ́ se é, láàárín ọdún 1950 sí 1960. Tirẹ̀ kò ní ṣúgà: ó kan, ó níyọ̀, ó ta. Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ yóò fi dé New York ní nǹkan bí ọdún 1973, àwọn alásè mìíràn ti gbé e débẹ̀ ṣáájú rẹ̀, wọ́n sì ti fi adùn kún un. Bí ẹ bá rà á, ẹ ní kí wọ́n bu ọbẹ̀ rẹ̀ sọ́tọ̀, nítorí ooru inú páálí a máa sọ ọ́ di rírọ̀ kí ẹ tó délé.

Èkejì ni lo mein. “Mein” ni àwọn tó ń sọ èdè Cantonese ń pe oúnjẹ gígùn bí okùn tí a fi ìyẹ̀fun àlìkámà ṣe, ìbátan indomí tiwa. Wọ́n á bọ̀ ọ́, wọ́n á wá fi ọbẹ̀ sóyà, kábéèjì, kárọ́ọ̀tì àti ẹran tàbí edé yí i nínú agbada. Ẹ má ṣì í mú fún chow mein, tí wọ́n ń dín. Lo mein ni mo yàn láàyò fún ẹni tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò pọ̀: páálí ńlá kan á tó ènìyàn kan lálẹ́, á sì ṣẹ́kù fún oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ kejì.

Ẹni tó bá fẹ́ràn ẹyin, kí ó béèrè fún egg foo young: ẹyin díndín tó nípọn, tí èéhù ẹ̀wà, àlùbọ́sà àti edé wà nínú rẹ̀, tí wọ́n á sì da ọbẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú lé lórí. Ẹni tí ọ̀fìnkìn ń dà láàmú, kí ó ra ọbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní hot and sour. Kì í ṣe ata rodo ló ń ta nínú rẹ̀, ata funfun ni; fínígà ló sì ń jẹ́ kí ó kan.

Ìrẹsì díndín ńkọ́? Ìrẹsì tó ti sùn mọ́jú nínú fíríìjì ló ń dáa jù fún un, nítorí pé ó ti gbẹ, kì í sì í lẹ̀ mọ́ra nínú agbada. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún àjẹkù rẹ̀. Kòkòrò àìfojúrí kan wà tí sísè kì í pa tán nínú ìrẹsì. Bí ìrẹsì bá wà nílẹ̀ nínú ooru fún ọ̀pọ̀ wákàtí, kòkòrò náà á máa pọ̀, á sì máa tú májèlé sílẹ̀, májèlé tí gbígbé oúnjẹ kaná kì í mú kúrò. Kí wákàtí méjì tó pé ni kí ẹ ti gbé e sínú fíríìjì.

Nínú ilé tiwa, ọ̀kan nínú wa jẹ́ Mùsùlùmí, ẹ̀pà sì lè dá ẹ̀mí ẹnìkan légbodò. Nítorí náà, a kì í kàn tọ́ka sí àwòrán. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ a máa wà nínú wonton, a máa wà nínú ọ̀pọ̀ egg roll, a sì máa wà nínú ọbẹ̀ hot and sour tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yìn tán. Ẹ̀pà ni ẹ̀mí kung pao. Bí ẹ tilẹ̀ yọ ẹ̀pà náà kúrò, agbada kan náà ni wọ́n lè ti se é. Ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó, bí wọn kò bá sì lè fọwọ́ sọ̀yà, ẹ wá ibòmíràn lọ. Bí ó bá jẹ́ pé àjọjẹ ni, ẹ rántí pé àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ohun tí gbogbo ilé lè jẹ láìfòyà ni kí ẹ kọ́kọ́ rà.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó gbọ́n jù: pé oúnjẹ yìí kì í ṣe ti Ṣáínà gidi. Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí ó ti ṣẹ̀. Lọ́dún 1882, Amẹ́ríkà ṣe òfin tó dí ọ̀nà mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ará Ṣáínà. Ọdún 1943 ni wọ́n tó fagi lé e. Òfin náà fi àyè sílẹ̀ fún oníṣòwò. Lọ́dún 1915, ilé ẹjọ́ kan ka àwọn tó ni ilé oúnjẹ mọ́ oníṣòwò, ilé oúnjẹ sì di ilẹ̀kùn tí ọ̀pọ̀ gbà kó ìbátan wọn wọlé. Ẹni tí ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ṣí sílẹ̀ fún yóò se ohun tí àwọn oníbàárà rẹ̀ yóò rà. Páálí funfun náà pàápàá, ará Chicago kan, Frederick Weeks Wilcox, ló gba ìwé àṣẹ rẹ̀ lọ́dún 1894. Bísíkíìtì tó ní ìwé àsọtẹ́lẹ̀ nínú, ọwọ́ àwọn ará Japan ló ti wá.

Ọ̀nà kan ò wọjà. Àkàrà tiwa dé Bahia ní Brazil, ó di acarajé. Wọ́n ń là á láàárín, wọ́n ń fi edé àti vatapá há a, epo pupa ni wọ́n sì fi ń dín in. Ta ni yóò sọ pé kì í ṣe ọmọ wa? Àwọn ìyá wa tó kọ́kọ́ dé òkè òkun, tí wọn kò rí iṣu rà, fi ìyẹ̀fun pòtétò ro ìyán, ọmọ wọn sì yó.

Bí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù náà lálẹ́ òní, tí ẹ rí ọmọ kékeré tó ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ìyá rẹ̀ ti ń gbowó, ẹ kí i. Lẹ́yìn náà, ẹ ra ohun tí ẹ mọ̀, kí ẹ sì fi ọ̀kan tí ẹ kò tọ́ wò rí kún un. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.