Ẹ̀tù Tí Ọdẹ Kò Mọ̀ Dénú

Àwọn àgbà ní, "Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọjú rẹ̀ sí òun?" Bí apátí kò bá sí lára ìbọn, kò sí ohun tí yóò mú un yìn, tọmọdé tàgbà ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tí orí rẹ̀ pé kò ní dúró síwájú ẹnu ìbọn náà. Lójoojúmọ́, ọ̀rọ̀ ọ̀tá àti ewu tí èèyàn ń fojú kéré ni a sábà ń pa òwe yìí sí. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ọdẹ ni, ó sì yẹ kí a dá a padà sọ́dọ̀ ọdẹ. Nínú igbó Ìjẹ̀bú-Igbó, ní oko Àgọ́-Ìwòyè àti ní etí omi Ogun Waterside, ẹni tí ìbọn lè kọjú sí láìfura ni ẹni tí ó gbé e léjìká gan-an.

Ẹ̀tù ló ń ti ọta jáde. Irin ìbọn kàn ń tọ́ ọ sọ́nà ni. Bí iná bá ti kan ẹ̀tù, a di atẹ́gùn gbígbóná tí ń wá ọ̀nà àbáyọ. Bí agbára rẹ̀ bá ṣe déédéé pẹ̀lú irin, ẹnu ìbọn ni yóò gbà jáde. Bí ó bá ju ti irin lọ, irin yóò bẹ́, ìdí ìbọn ni ìtìpá náà sì ti ń pọ̀ jù, níbi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ọwọ́ ọdẹ wà. Ìbọn bẹ́ẹ̀ ti kọjú sí olówó rẹ̀.

Oríṣi ẹ̀tù pàtàkì méjì ló wà, kò sì yẹ kí ọdẹ kankan ṣì wọ́n mú fún ara wọn. Èkíní ni ẹ̀tù dúdú tí àwọn baba ńlá wa lò, tí a fi èédú, imí-ọjọ́ àti iyọ̀ kan báyìí pò. Èéfín rẹ̀ pọ̀, ó ju ìdajì ẹ̀tù náà lọ tí kì í di atẹ́gùn, tí ń di èéfín àti ìdọ̀tí sínú ojú ìbọn. Èkejì ni ẹ̀tù tí kò ní èéfín. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Paul Vieille, ló ṣe é yọrí ní 1884, nígbà tí ó sì fi máa di 1886, àwọn ọmọ ogun Faransé ti ní ráífù tí ń lò ó. Agbára èyí ju ti àkọ́kọ́ lọ fíìfíì. Nínú ráífù ọdẹ tí a ń pè ní .30-06, tí àwọn ará Amẹ́ríkà ti ń lò láti 1906, ìtìpá tí a fàyè gbà lè dé 60,000 páùnù lórí íǹṣì onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Irin tí a dìídì rọ fún un ló lè gbà á. Ṣakabùlà tí alágbẹ̀dẹ fi páìpù tàbí irin ìtọ́kọ̀ ṣe kò lè gbà á láéláé. Ọdẹ tí ó bá tú kátíríìjì òyìnbó, tí ó da ohun inú rẹ̀ sínú ṣakabùlà nítorí pé ẹ̀tù dúdú wọ́n, ikú ló ń kì sínú ìbọn yẹn.

Ìjẹ̀bú kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ẹ̀tù. Ilẹ̀ wọn wà láàrin ọ̀sà àti òkè, ọ̀pọ̀ ìbọn àti ẹ̀tù tí ọkọ̀ òyìnbó kó dé Èkó ló sì ń gba ọwọ́ oníṣòwò Ìjẹ̀bú kí ó tó dé Ìbàdàn. Ní 1877, Ààrẹ Látòósà ti Ìbàdàn ránṣẹ́ lọ ra ohun ìjà ní Àjàṣẹ́ tí a mọ̀ sí Porto-Novo lónìí, àwọn Ẹ̀gbá sì dá àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ lọ́nà. Ibẹ̀ ni ogun ti bẹ́. Ìjẹ̀bú gbè sẹ́yìn Ẹ̀gbá, wọ́n sì sé ọ̀nà mọ́ Ìbàdàn. Nínú ogun Kírìjì tí ó tẹ̀ lé e láàrin Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀, tí wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà rẹ̀ ní 1886, Èkìtì Parapọ̀ rí ìbọn tuntun tí a ń kì láti ìdí gbà láti Èkó. Ẹ̀tù ìbọn yìí ti wà nínú kátíríìjì láti ilé-iṣẹ́, ìwọ̀n kan náà, bí a tilẹ̀ yìn ín ní ìgbà ogún.

Ìwọ̀n kan náà yìí wà lára àṣírí ìbọn tí kì í tàsé. Ní Amẹ́ríkà, òfin fàyè gba ọdẹ láti máa di kátíríìjì rẹ̀ fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Bruce Hodgdon ra ẹ̀tù tí ó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ ìjọba níbẹ̀, ó ń tà á fún àwọn ọdẹ, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sì wà títí di òní. Ẹ̀tù tí ń jó kíákíá wà fún ìbọn ìléwọ́; èyí tí ń jó díẹ̀díẹ̀ wà fún ráífù tí kátíríìjì rẹ̀ tóbi, tí ọta rẹ̀ sì wúwo. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ kì í wá èyí tí ó lágbára jù. Ìwé tí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ẹ̀tù náà tẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ ṣí, yóò bẹ̀rẹ̀ láti ìwọ̀n tí ó kéré, yóò sì gbé ẹ̀tù sórí òṣùwọ̀n tí ń mọ ohun tí kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gíráàmù. Kì í da oríṣi méjì pọ̀, kì í sì fi àwọ̀ mọ ẹ̀tù, torí pé púpọ̀ nínú wọn ló jọra.

Lọ́dọ̀ wa, àtẹ́lẹwọ́ ni òṣùwọ̀n. Ọdẹ a tú ìdérí àdó, a gbọn ẹ̀tù sọ́wọ́, a fi ojú wò ó lábẹ́ iná tọ́ọ̀ṣì, a dà á sẹ́nu ìbọn. Bí ó bá rẹ̀ ẹ́, ó lè gbàgbé pé òun ti da ti àkọ́kọ́ sínú rẹ̀. Ife kékeré kan tí a gé ní ìwọ̀n tí alágbẹ̀dẹ tí ó rọ ìbọn náà sọ, tí a so mọ́ ọrùn àdó, yóò yanjú èyí, kò sì ní ná ẹnikẹ́ni lówó.

Omi ni ìṣòro tó le jù ní Ogun Waterside. Láti Abigi dé Iwopin, ìrì àti ọ̀rinrin ọ̀sà kì í jẹ́ kí nǹkan gbẹ, ẹ̀tù dúdú sì ń fa omi mọ́ra. Bí ó bá ti rin, ọdẹ lè fa ìbọn kí iná kọ yẹ̀rì lókè, kí ìbọn má sì dún. Ohun tí ó máa ń wá sọ́kàn èèyàn ni pé kí ó yí i padà, kí ó yọjú wo inú ẹnu rẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lẹ́yìn náà, iná tí ń jó lábẹ́lẹ̀ lè dé ibi ẹ̀tù. Ìbọn tí kò dún yìí ni ìbọn tí kò ní apátí tí àwọn àgbà ń wí. Kí ọdẹ gbé ẹnu rẹ̀ sí ibi tí kò sí ẹnikẹ́ni, kí ó dúró dáadáa, kí ó má sì jẹ́ kí ọmọ tí ó tẹ̀ lé e lọ súnmọ́ ọn. Ìdọ̀tí inú ojú ìbọn náà ń fa omi, ó ń mú ìpẹtà wá, ìpẹtà sì ń jẹ irin di tín-ín-rín láìsí ẹni tí ó rí i. Nítorí náà ni a fi gbọ́dọ̀ fọ ìbọn lọ́jọ́ tí a bá yìn ín, ká nù ún gbẹ, ká sì fi òróró pa á.

Àwọn kan gbà pé oògùn lè gbani lọ́wọ́ ìbọn. Ní oṣù Keje 2018, oníṣègùn kan ní ìpínlẹ̀ Imo ní kí wọ́n yin ìbọn sí òun láti dán oògùn ayẹta wò. Ó kú.

Òfin Ìbọn ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1959 ka ṣakabùlà mọ́ ìbọn tí a gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ fún, kò sì gba kí èèyàn máa ṣe ọta nínú ilé rẹ̀ bí àwọn ará Amẹ́ríkà. Òfin Ohun Abúgbàù ti 1964 wà fún àwọn tí ń ta nǹkan bí ẹ̀tù. Ohun tí ó kù ni kí ẹgbẹ́ ọdẹ ìlú kọ̀ọ̀kan kọ ẹ̀tù inú ọ̀rá tí kò ní orúkọ, kí wọ́n máa ra èyí tí ó ní èdìdì lọ́wọ́ ẹni tí ó ní àṣẹ, kí wọ́n sì máa kó ìbọn àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wá fún alágbẹ̀dẹ láti yẹ̀ wò kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ìbọn tí irin rẹ̀ bá ti là, kí alágbẹ̀dẹ náà má ṣe tún un lẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.