Ọ̀rẹ́ wo la tún fẹ́ ṣe gan-an?

Òwe tí mo kórìíra jù ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ni "a kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́." Mo fẹ́ bá a jà lónìí. Thread yìí gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀.

Ẹ wo ẹni tí wọ́n máa ń pa á fún. Kì í ṣe ọkọ tí kò sanwó ilé ìwé láti ọdún tó kọjá. Obìnrin tó ń dá bọ́ ọmọ mẹ́ta ni. Bó bá ti dárúkọ kóòtù báyìí, ẹbí á pé jọ, wọ́n á ní kó ní sùúrù. Ṣé sùúrù ló máa san owó WAEC ni? Ọ̀rẹ́ wo ló kù láàárín wọn tí kóòtù fẹ́ bà jẹ́?

Mi ò ní kẹ́ ẹ má kọ́kọ́ pe àwọn àgbà o. Ẹ pè wọ́n. Tí ìpàdé bá di mẹ́ta tí nǹkan kan ò yí padà, ó tó.

Àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń lọ náà, mo ní ẹjọ́ yín rò. Mo tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n mi kan lọ sí kóòtù ìbílẹ̀ rí. Obìnrin kan dìde, ó sọ ti ìyá ọkọ, ó sọ ti àlè, ó sunkún. Wọ́n bi í pé kí ló fẹ́ kí kóòtù ṣe. Ó ní "Ẹ ṣáà bá mi kìlọ̀ fún un." Ẹni tó tẹ̀ lé e mú ìwé kékeré kan dání: ọjọ́ tó san owó ilé, rìsíìtì ilé ìwé, rìsíìtì ọsíbítù, gbogbo ẹ̀ tò tẹ̀ léra. Ó dárúkọ iye tó fẹ́ gbà fún oúnjẹ lóṣooṣù. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́.

Ẹ ti gbọ́ "baba ló lọmọ," àbí? Matrimonial Causes Act ti 1970, section 71, ní ire ọmọ ló ṣíwájú. Child's Rights Act ti 2003 sọ bẹ́ẹ̀ náà. Torí náà, ẹ dín ìyà tó jẹ yín kù, ẹ sọ ti ọmọ. Ibo ló ń sùn? Ta ló ń mú un lọ sílé ìwé? Ta ló jókòó tì í nígbà tí ibà mú un?

Ẹ mọ kóòtù tó kàn yín náà. Alárédè, ilé ẹjọ́ gíga ni. Ìdána nìkan, kóòtù ìbílẹ̀. Tí alárédè yín ò bá tíì pé ọdún méjì, lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbàṣẹ lọ́wọ́ kóòtù kẹ́ ẹ tó lè béèrè ìkọ̀sílẹ̀. Owó lọ́yà ti ṣòfò lórí èyí.

Ọ̀rọ̀ screenshot wàyí. Evidence Act ti 2011, section 84, ní ohun tó bá ti inú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà jáde gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí tó sọ bí ẹ ṣe rí i àti ẹ̀rọ tó ti jáde. Ẹ má gé e, ẹ má pa ọ̀rọ̀ tiyín rẹ́. Tẹ́ ẹ bá sì ń bú u lórí WhatsApp láago méjì òru, ẹ rántí pé òun náà ní fóònù. Ká wá gbé e wá síbí fún wa ká bá yín bú u, ìyẹn ò wúlò rárá. Àwa kọ́ la máa dájọ́.

Ẹ̀yin ọkùnrin, "ọmọ mi ni" kì í ṣe ẹjọ́. Ẹ béèrè ọjọ́ Sátidé, ẹ sọ aago tẹ́ ẹ máa gbé e àti aago tẹ́ ẹ máa dá a padà.

Mo mọ tọkọtìyàwó kan tó ti kóòtù dé. Wọ́n ń kíra wọn lẹ́nu géètì ilé ìwé báyìí, wọ́n tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, torí ìwé ti sọ ẹni tó ń san kí ni, àti ọjọ́ tó ń san án.